Bàbá Rọ́bà

"Nọ́ọ̀sì, ṣé kíkú ni mò ń kú lọ yìí?"

Ohùn náà gbẹ. Inú ẹ̀rọ kékeré kan lábẹ́ ìrọ̀rí ló ti ń wá, àmọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì tó dúró nítòsí kò ráyè rántí pé olùkọ́ wọn ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn gíláàsì, tàbí pé ọmọlangidi rọ́bà tí wọ́n fi ń kọ́ṣẹ́ ló wà lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ìbéèrè yìí gan-an ló gbé e ṣubú nínú ìdánwò lọ́sẹ̀ tó kọjá. "Ọlọ́run ò ní jẹ́, bàbá!" ló fi dáhùn, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ṣe ń dáhùn. Ni ohùn abẹ́ ìrọ̀rí bá dákẹ́, kò sì sọ nǹkan kan mọ́ títí ó fi kú.

"O ti pa á lẹ́nu mọ́," ni olùkọ́ wí. "Bí o bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, o ò ní dé wọ́ọ̀dù. Wàá tún ọdún yìí kà ni."

Lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ yìí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Bàbá Rọ́bà tún fẹ́ kú lónìí. Jọ̀ọ́, má ṣàdúrà fún un o!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ọ̀hún ti tán báyìí.

"Nọ́ọ̀sì, o ò gbọ́ mi ni?"

Àdúrà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ọwọ́ rẹ̀ ti ń lọ síbi omi tí wọ́n fà sí ọmọlangidi náà lára, kó ṣáà ti rí nǹkan tún ṣe. Ó dá a padà. Ó fa àga, ó jókòó, ó di ọwọ́ rọ́bà náà mú. Ó tutù.

"Mo gbọ́ yín, bàbá. Kí lẹ rí tẹ́ ẹ fi béèrè?"



"Dókítà kì í dúró lọ́dọ̀ mi mọ́, ó kàn ń kọjá ni. Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì náà, ẹ̀rín tẹ́ ẹ̀ ń rín sí mi ti pọ̀ jù."

"Òótọ́ ni, bàbá. Àìsàn yìí ti borí oògùn wa."

"O ṣeun." Èémí fà gùn. "Èmi àtọmọ mi obìnrin ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Bá mi pè é."

"Màá ní kí wọ́n pè é."

"Bí ò bá wá ńkọ́?"

"Mi ò ní dìde lọ́dọ̀ yín."

Èémí ń jìnnà síra. Ẹ̀rọ tó ń ka ìlù ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í han. Gbogbo ara rẹ̀ ní kó dìde, kó sáré, kó ké sí ẹnì kan. Kò dìde. Nígbà tó yá, kò sí èémí mọ́.

Olùkọ́ wọlé, ó pa ẹ̀rọ náà. Ojú rẹ̀ kò rọ̀.

"O yege. Lọ wọ aṣọ wọ́ọ̀dù. Bàbá kan wà lókè, ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Láti àná ló ti ń bi wá ní ìbéèrè yẹn, kò tíì rẹ́ni dá a lóhùn."

Ó yẹ kó fò fáyọ̀. Ọwọ́ rọ́bà tó ṣì dì mú ló ń wò. Ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ooru ara tirẹ̀ ló wọ̀ ọ́. Ọwọ́ bàbá òkè yóò ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí òun tó dì í mú rárá. Inú ọwọ́ òun ni yóò ti máa tutù.