Àwọn Tó Gbẹ̀yìn Lórí Àtẹ̀gùn

Èéfín ń rọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn aládùúgbò nígbà tí Medinat fa Daddy Adébọ́lá dé orí àtẹ̀gùn. Àwọn tó ń gbé lókè ń sáré bọ̀. Ẹnì kan wọ sálúbàtà ẹsẹ̀ kan.

"Daddy, ẹ jẹ́ ká lọ!"

Daddy fi ọ̀pá ẹ̀ dá a dúró. "Jẹ́ kí wọ́n kọjá ná. Ẹsẹ̀ mi yìí á dí gbogbo wọn lọ́nà."

Tíṣà ìtàn ni tẹ́lẹ̀, ní Ìjẹ̀bú. Àràárọ̀ ni Medinat ń wá tọ́jú ẹ̀ ní Thamesmead, ní London, àràárọ̀ náà ni Daddy ń sọ̀tàn fún un. Ti òní, ogun ìgbà ayé Napoleon ni: àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń sá lọ sétí òkun ní Spain nínú yìnyín, àwọn díẹ̀ dúró lẹ́bàá afárá, wọ́n ń yìnbọn, kí àwọn yòókù lè ráyè lọ. Akíkanjú tó mọ ogun jà tí kò mọ ogun sá, yóò bógun lọ. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbẹ̀yìn. Orí Medinat wú. Ó bi í pé, "Ṣé ẹ̀rù ò bà wọ́n ni?" Ibẹ̀ ni aláàmù ti ké.

Àwọn èèyàn kọjá tán.

"Ìwọ náà máa lọ," ni Daddy wí. "O lọ́mọ nílé."

Medinat sọ̀kalẹ̀ ìgbésẹ̀ méjì. Ó dúró. Ó yíjú padà.

Wọ́n kọ́ ọ níbi iṣẹ́ pé tí arúgbó bá ń sọ̀kalẹ̀, iwájú ẹ̀ ni kó wà, kó kọjú sí i, kó máa fẹ̀yìn rìn. Kò ṣe é rí. Ta ní í ṣáájú àgbà? Ẹ̀yìn ló máa ń tẹ̀ lé e. Lónìí, ó di bẹ́líìtì Daddy mú láti iwájú.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún, sà. Ẹ rọra."

"Èéfín ńkọ́?"

"Ó jìnnà."

Daddy kẹ̀yìn sí èéfín náà. Medinat nìkan ló ń rí i, dúdú, tó ń yọ lókè èjìká ẹ̀, tó ń bọ̀.

"Medinat, o ò mọ irọ́ pa."

"Ẹ gbé ẹsẹ̀, sà!"

Nísàlẹ̀, àwọn panápaná ń wọlé. Ọ̀kan bèèrè bóyá ẹnì kan ṣì wà lẹ́yìn.

"Kò sí," ni Medinat wí. "Àwa la gbẹ̀yìn."

Daddy jókòó sórí ògiri kúkúrú kan níta, ó ń wúkọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. "O bi mí láàárọ̀ bóyá ẹ̀rù ò bà wọ́n."

Medinat wo ọwọ́ ara ẹ̀. Ó ń gbọ̀n rìrì. Kò sì tíì fi bẹ́líìtì náà sílẹ̀.

"Ẹ má wulẹ̀ dáhùn mọ́, sà," ó ní. "Mo ti mọ̀ ọ́n."