Nílé Ìwé, Tíṣà Ni Mí

Phebe Akíndélé ní òfin kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ ti wọ ilé ìwé girama tí òun fúnra rẹ̀ ti ń kọ́ni ní báyọ́lọ́jì, lẹ́yìn ìlú Òṣogbo. Tí wọ́n bá ti wọ géètì, òun kì í ṣe ìyá Ìwàlẹwà mọ́, tíṣà ni òun. Kò sí "Mọ́mì" níbẹ̀, "Mà" ni. Bí gbogbo kíláàsì bá pariwo, Ìwàlẹwà ló máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé tíṣà ń ṣe ojúsàájú. Tí ilé ìwé bá wá parí, tí wọ́n bá ti jáde ní géètì, tí wọ́n ń dúró de kẹ̀kẹ́ tó máa gbé wọn lọ sí Ọ̀fàtẹ̀dó, ọmọ á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, á ní, "Mọ́mì, ebi ń pa mí," ìyá á sì tún padà di ìyá.

Ẹni tó bá mọ ilé àwọn tíṣà á mọ̀ pé òfin yìí kì í ṣe tuntun. Ọmọ tíṣà ni Phebe náà, ní Iléṣà, nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, bàbá rẹ̀ ló sì na án jù nínú gbogbo ọmọ tí wọ́n jọ kàwé. Ó gbà pé ẹgba yẹn ló sọ òun di èèyàn. Bóyá òótọ́ ni, bóyá irọ́ ni, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ fún òun àti bàbá rẹ̀.

Ohun tó ń dùn ún lọ́kàn ní sáà yìí ni pé Ìwàlẹwà ò jẹun mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tó jẹ́ pé tó bá jẹ ìrẹsì tán, á tún padà lọ ha ìdí ìkòkò, ó wá di ẹni tó ń fi ṣíbí da oúnjẹ síwá-sẹ́yìn, tó máa ní òun ti yó. Phebe ní ibà ni, ó ra oògùn ibà. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó ní taifọ́ọ̀dù ni. Bàbá Ìwàlẹwà, tó ń ṣiṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, tí kì í wálé àfi ìparí ọ̀sẹ̀, ní kí wọ́n fi àdúrà kún un. Wọ́n fi kún un.

"Kí ló ń ṣe ẹ́ gan-an?" Phebe bi í lọ́jọ́ kan.

"Kò sí nǹkan, Mọ́mì." Ọmọ náà ti abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Mọ́mì, ṣé mo lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi l'Ọ́tan-Ilé?"

Ọ̀rọ̀ náà ya Phebe lẹ́nu. Ọ̀tan-Ilé tí Ìwàlẹwà máa ń sunkún kó tó bá wọn lọ ọdún Kérésì, pé fóònù òun kì í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀! Ó ní kí ló dé, ọmọ náà ní kò sí nǹkan. Phebe tún lọ ra oògùn aràn.

Inú sáà yẹn náà ni pírínsípà, ọ̀gbẹ́ni Awóníyì, pe àwọn tíṣà sáyẹ́ǹsì jọ. Ọmọbìnrin kan ti kúrò nílé ìwé ní sáà tó kọjá nítorí oyún, ọ̀rọ̀ náà sì ká pírínsípà lára.

"Ẹ̀yin tíṣà báyọ́lọ́jì," ó ní, "ẹ ò ní purọ́ fún mi. Tí ẹ bá ti dé ibi tí ìwé ti ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ẹ máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lọ kà á nílé. Ta lẹ fẹ́ kí wọ́n bi nílé?"

Òótọ́ ló sọ. Phebe ló na ọwọ́. Ó ní òun á kọ́ wọn, òun ò sì ní fo ohunkóhun.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì náà, ṣe ló dà bíi pé ó lọ da omi sílé èèrà. Bó ṣe kọ àkọlé sórí pátákó báyìí, àwọn ọmọkùnrin súfèé, àwọn ọmọbìnrin dojú délẹ̀ lórí tábìlì. Ṣèyífúnmi, ọmọkùnrin kan tó ń ti ẹ̀yìn kíláàsì ṣọ̀gá lé wọn lórí, ní òun ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, kí Mà má wulẹ̀ yọ ara wọn lẹ́nu. Kàósárà, tó máa ń gba ipò kìíní, na ọwọ́ tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀.

"Mà, ẹ má bínú o. Àfáà wa ní kò yẹ kí ọmọdé máa gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní ó máa ń ṣí ọmọ lójú."

"Tó bá jẹ́ pé ojú dídì la fi ń sọdá títì," Phebe dá a lóhùn, "ǹ bá ní òótọ́ ni àfáà yín sọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun. Phebe ya àwòrán ilé ọmọ, ó ṣàlàyé ẹyin, ó ṣàlàyé nǹkan oṣù. Ojú ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Nígbà tí aago lù, ó mọ̀ pé gbogbo ohun tí òun sọ, etí kan ló wọ̀, ó sì ti bá etí kejì jáde. Ó wo Ìwàlẹwà nídìí fèrèsé. Òun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Inú Phebe dùn. Ọmọ tí a kọ́ dáadáa ni, ó rò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn rẹ̀. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yí ọwọ́ padà. Ó ti ilẹ̀kùn kíláàsì, ó jókòó sórí tábìlì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ pàlọ́.

"Mo fẹ́ bá yín ṣe àdéhùn," ó ní. "Ohunkóhun tí ẹ bá bi mí nínú kíláàsì yìí, mi ò ní bínú, mi ò ní nani, mi ò sì ní sọ fún pírínsípà. Kò sí òbí kan tó máa gbọ́ ọ. Ibí ló máa parí sí."

Amos, ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ti na ọwọ́. "Mà, títí kan òbí tó bá jẹ́ tíṣà?"

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí Ìwàlẹwà. Phebe náà rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ àwàdà ló pè é.

"Títí kan òbí tó bá jẹ́ tíṣà," ó ní. "Ẹ sáà mọ òfin mi. Tíṣà ni mí níbí."

Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ kan nà sókè nídìí fèrèsé.

"Mà," ni Ìwàlẹwà wí. Ohùn rẹ̀ kò ròkè, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló gbọ́ ọ. "Tí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó ti ń ṣe nǹkan oṣù, yóò tó ìgbà wo kí oyún náà tó hàn?"

Phebe rò pé òun ò gbọ́ ọ dáadáa. "Fọwọ́ kàn án báwo?"

"Fọwọ́ kàn án, mà. Bíi kó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Tàbí kó dì mọ́ ọn, tí wọ́n bá jọ gba ipò kìíní nínú eré ìje."

Akeem, tó jókòó nílà iwájú, tẹ orí ba bí ẹni tó ń wá bírò tó já bọ́. Phebe rí i. Ọjọ́ eré ìje ilé ìwé ló sọ sí i lọ́kàn. Akeem ló gba igi eré ìje lọ́wọ́ Ìwàlẹwà, tó sáré parí, tó sáré padà wá dì mọ́ ọn níwájú gbogbo ayé. Phebe wà lábẹ́ àtíbàbà lọ́jọ́ náà, ó ń pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà ni ọmọ yìí ò ti jẹun. Ọ̀tan-Ilé tó ń béèrè, ibi tó fẹ́ sá pamọ́ sí ni. Ìyá rẹ̀ ń ra oògùn ibà, ọmọ ń gbé oyún tí kò sí kiri.

Ó yẹ kó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó béèrè ìbéèrè tí tíṣà èyíkéyìí máa béèrè, kò sì tíì parí ẹ̀ tó fi fẹ́ gbé e mì padà.

"Ta ló sọ fún ọmọbìnrin náà pé ìfọwọ́kàn máa ń fúnni lóyún?"

"Màmá rẹ̀ ni, mà."

Àwọn ọmọ náà kò súfèé. Wọ́n ń wo ìyá, wọ́n ń wo ọmọ.

Phebe rántí ọjọ́ náà. Ìwàlẹwà pè é láti ilé ìwẹ̀, ó ní ẹ̀jẹ̀ wà lára aṣọ òun. Phebe fún un ní páàdì, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn án, lẹ́yìn náà ló wá na ìka sí i: "Láti òní lọ, ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn ẹ́. Tó bá fọwọ́ kàn ẹ́ pẹ́nrẹ́n, oyún ni." Tíṣà báyọ́lọ́jì ló sọ bẹ́ẹ̀ o! Kò tilẹ̀ ronú sí i. Bí ìyá tirẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún un ní Iléṣà gẹ́lẹ́ nìyẹn, tó tún fi kún un pé, "Bí ọ bá gboyún wọ ulé yìí, ọ mọ̀ọ́ rí mi." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Phebe lára nígbà náà débi pé nígbà ìkórè tó tẹ̀ lé e, ó kọ̀ láti bọ àlùfáà lọ́wọ́, ó fi ọwọ́ méjèèjì pamọ́ sẹ́yìn níwájú gbogbo ìjọ. Ó pẹ́ kó tó rí òótọ́ nínú ìwé. Ẹ̀rín ló sì máa ń fi ìtàn náà rín pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Báwo ni irọ́ tó ti fi òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀sín ṣe wá dé ẹnu rẹ̀ fún ọmọ tirẹ̀? Ojú tì í, ó tì í gan-an.

Ọ̀nà àbáyọ pọ̀ fún àgbàlagbà. Ó lè ní ohun tí màmá ọmọ náà ní lọ́kàn nìyí, ohun tó fẹ́ fà yọ nìyẹn. Àgbà kì í sọ pé òun purọ́ fún ọmọdé, àṣìsọ ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ kan wà nídìí fèrèsé tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ó ń wo ẹnu rẹ̀.

"Irọ́ ni," Phebe wí. "Ìfọwọ́kàn kì í fúnni lóyún. Kí èèyàn dì mọ́ni kì í fúnni lóyún. Àfi tí ọkùnrin àti obìnrin bá bá ara wọn lò pọ̀, tí àtọ̀ ọkùnrin bá pàdé ẹyin obìnrin nínú ara rẹ̀, ni oyún fi lè wà. Ọmọbìnrin náà kò lóyún. Tí nǹkan oṣù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ bá sì fo oṣù kan, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Tí kò bá tètè padà, kó jẹ́ kí wọ́n mú un lọ rí nọ́ọ̀sì, kó má dá gbé ẹrù náà." Ó yíjú sí gbogbo kíláàsì. "Èyí ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kàn yín bó ṣe wù ú o. Ara yín, tiyín ni. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé rárá. Ṣùgbọ́n òótọ́ ló yẹ kí wọ́n fi kọ́ yín bẹ́ẹ̀, kì í ṣe irọ́. Màmá ọmọ náà mọ òótọ́ nígbà tó ń pa irọ́ náà. Ẹ̀rù ló bà á."

Kàósárà ló kọ́kọ́ na ọwọ́.

"Mà, màmá tèmi náà sọ bẹ́ẹ̀ fún mi."

"Tèmi náà, mà," ni ẹlòmíràn wí nítòsí ẹnu ọ̀nà.

"Tèmi ní kí n má jókòó síbi tí ọkùnrin bá ti dìde."

Ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nà káàkiri, àwọn ọmọkùnrin náà ò gbẹ́yìn. Nígbà tó yá, Ṣèyífúnmi tó ti mọ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù gbé ìka kan sókè díẹ̀, ó bi í bóyá òótọ́ ni pé obìnrin kì í lóyún ní ìgbà àkọ́kọ́. Phebe ní irọ́ ni, ó máa ń lóyún dáadáa. Kò sẹ́ni tó fi í rẹ́rìn-ín. Aago lù, wọn ò dìde.

Lọ́sàn-án, wọ́n jáde ní géètì. Ìwàlẹwà gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́. Ẹnu ń yún Phebe. Ó fẹ́ di ọmọ rẹ̀ mú, ó fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí níwájú gbogbo kíláàsì pé kò sí òbí kan tó máa gbọ́, tíṣà tó bá sì rú òfin ara rẹ̀, ta ló tún máa béèrè nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́la? Òbí ni nínú kẹ̀kẹ́ yìí, òbí ò sì tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó di ọ̀rọ̀ náà mọ́ inú títí wọ́n fi dé Ọ̀fàtẹ̀dó.

Ó se ìrẹsì. Ìwàlẹwà jẹ tirẹ̀ tán, ó gbé abọ́ padà sí kíṣìnnì. Phebe dúró nídìí omi tó fi ń fọ abọ́, ó ń gbọ́ ìró ṣíbí nínú ìkòkò. Ọmọ náà ń ha ìdí rẹ̀. Phebe tẹjú mọ́ omi ọṣẹ, kí ọmọ náà má baà rí i pé òun ń sunkún.

"Mọ́mì."

"Hùn."

"Tíṣà báyọ́lọ́jì wa sọ nǹkan kan lónìí." Ọmọ náà ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń ròyìn fún ẹni tí kò sí níbẹ̀. "Ó ní irọ́ lẹ pa fún mi."

"Òótọ́ ló sọ," Phebe dáhùn. "Jọ̀ọ́, má bínú sí mi."

"Ó ní ẹ̀rù ló bà yín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìwàlẹwà gbé ìkòkò sílẹ̀. "Mo fẹ́ bi í nínú kíláàsì, ṣùgbọ́n mo rò pé kò ní mọ̀ ọ́n. Mọ́mì, ẹ̀rù kí ló bà yín?"

Phebe nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó fa àpótí méjèèjì tó wà lábẹ́ tábìlì jáde, ó gbé ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀.

"Wá jókòó," ó ní. "Òótọ́ lo sọ. Tíṣà yẹn ò mọ èyí. Ìyá rẹ ló máa dá ẹ lóhùn."