Atsede àti Ọkùnrin Tó Gbààwẹ̀ Lọ́jọ́ Tí Kò Sí Ààwẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Èmi Wude, tí mò ń se oúnjẹ fún àwọn jagunjagun Fitawrari Gobeze, ọ̀gá ogun wa, lórí òkè nígbà tí àwọn ará Ítálì gba ilẹ̀ wa, mo tutọ́ sí Atsede lójú. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé gbogbo wa la fẹ́ràn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ bi í léèrè ibi tí òun wà nígbà náà.

Amí ni Atsede. Ó ń fọ aṣọ, ó sì ń lọ aṣọ fún ọ̀gágun Ítálì kan nílùú. Ó gbọ́ èdè wọn, wọn ò sì mọ̀ pé ó gbọ́ ọ. Ohun tí wọ́n bá sọ lórí tábìlì, kó tó di ọjọ́ kejì, ó ti dé etí ọ̀gá wa lórí òkè. Ọdún kan gbáko ló fi ṣe iṣẹ́ yìí láìṣìṣe. Lọ́jọ́ tó máa ṣì í, ó ṣì í tán.

Ó gbọ́ pé ọkọ̀ tó kó ìbọn yóò gba ọ̀nà abẹ́ òkè kọjá ní aago mẹ́ta, ó sì ránṣẹ́ sí wa bẹ́ẹ̀. Àwa, ìgbà tí ilẹ̀ bá mọ́ la ti ń ka aago. Aago mẹ́ta tiwa, àárọ̀ ni. Àwọn òyìnbó ń ka tiwọn láti ọ̀sán gangan, aago mẹ́ta tí wọ́n ń wí, oòrùn ti ń lọ sílé. Ẹni tó gbọ́ èdè àjèjì tán, aago àjèjì ló gbàgbé. Àwọn ọmọkùnrin wa lúgọ láàárọ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Oòrùn pa wọ́n, òùngbẹ gbẹ wọ́n, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ mu omi. Etí odò ni àwọn ará Ítálì bá wọn. Mọ́kànlá ló kú. Mamo, àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, wà nínú wọn.

Nígbà tí Atsede gbọ́, ó fi ìlú sílẹ̀, ó gun òkè wá láti wá ṣàlàyé. Ta ló fẹ́ gbọ́ àlàyé? Òkú mọ́kànlá wà nílẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ aago. A ní ó ti tà wá. Fitawrari kò jẹ́ kí wọ́n pa á, ṣùgbọ́n ó ní kì í ṣe amí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ní kó máa pọn omi, kó máa bu omi sí àwọn èèyàn lọ́wọ́ kí wọ́n tó jẹun. Oṣù mẹ́jọ ló fi ṣe é. Wọ́n ń fọwọ́ sínú omi rẹ̀, wọn kì í wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn Àjíǹde ọdún náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn ṣẹlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ la gbéra láti ja àwọn ará Ítálì lógun àìròtẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n ti dúró dè wá. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Èèyàn mẹ́ta péré ló ń bá ọ̀gá wa jókòó gbìmọ̀: Abba Gebre àlùfáà, Shifferaw tó jẹ́ olórí àfonífojì kejì, àti Zelleke, oníṣòwò tó ń kó ọta ìbọn wá fún wa. Ọ̀kan nínú wọn ló ń tà wá. Àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé tí àwọn ará Ítálì ti sun ilé mọ́ lórí sì wà lọ́wọ́ wa, ọ̀ọ́dúnrún wọn, tí a fẹ́ kó kọjá odò ìsàlẹ̀ láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Bí ìròyìn yẹn bá jáde, odò ló máa gbé òkú wọn.

Mo ń gbé kọfí lọ fún ọ̀gá ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú àgọ́.

"Atsede, ìwọ nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í pa ẹnu mọ́ níwájú rẹ̀. Òkúta ni wọ́n kà ọ́ sí. Bu omi sí wọn lọ́wọ́, la etí rẹ, kí o sọ ẹni tó jẹ́ fún mi kó tó di ọjọ́ Àìkú."

"Bí mo bá mọ̀ ọ́n ńkọ́, ọ̀gá mi?"

"Wàá gba orúkọ rẹ padà lójú gbogbo èèyàn."

"Bí mo bá sì ṣì í?"

"Ẹni tí o bá dárúkọ, kíkú ni. Bó bá jẹ́ aláìṣẹ̀ la pa, ìwọ náà mọ ohun tó kù."

"Mo mọ̀ ọ́n," ni Atsede wí. "Ẹ ṣeun tí ẹ pè mí."

Inú bí mi débi pé kọfí dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mo ní ẹ wo ọ̀gá wa, ìkookò ló fi ń ṣọ́ àgùntàn.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo se ọbẹ̀ adìẹ fún ìgbìmọ̀. Èmi kì í yin ara mi, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ yẹn pupa, bọ́tà léfòó lórí rẹ̀, ẹyin wà nínú rẹ̀ rogodo rogodo. Atsede bu omi sí wọn lọ́wọ́. Mo tẹ́ ínjẹ́rà, búrẹ́dì wa pẹlẹbẹ, mo bu ọbẹ̀ sí i láàárín. Abba Gebre àti Shifferaw ò dúró gbọ́ "ẹ jẹun o." Zelleke nìkan ló fà sẹ́yìn.

"Ìyá wa, ẹ má bínú o. Ọjọ́ Ẹtì lónìí. Ẹran ò gbọdọ̀ kan ẹnu mi."

Abba Gebre gbé itan adìẹ kúrò lẹ́nu. "Zelleke! Ṣé Olúwa ò tíì jíǹde lọ́dọ̀ tiyín ni?"

Shifferaw rẹ́rìn-ín títí ọbẹ̀ fi kán sí i nírùngbọ̀n. Zelleke náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ pẹ́ kó tó dé.

"Ẹ̀jẹ́ ni mo jẹ́, Bàbá. Ẹ̀jẹ́ ni."

"Ẹ̀jẹ́ ti dáa," ni àlùfáà wí. "Àwa á bá ọ jẹ ìpín tìrẹ. Ìyẹn náà, iṣẹ́ àánú ni."

Ní tèmi, ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí wọ̀ mí lára. Mo sáré lọ po ẹ̀wà lílọ̀ fún un, mò ń sọ nínú ara mi pé bí irú ẹ̀ bá pé mẹ́wàá nílẹ̀ yìí, àwọn òyìnbó á ti lọ. Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó sọ ọ́.

Atsede tẹ̀ lé mi dé ìdí àdògán.

"Wude, kí ló sọ lákọ̀ọ́kọ́?"

"Ta ni ò ń pè ní Wude? Ó ní òun jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Ìyẹn lẹ́yìn tí Bàbá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Kó tó dìgbà náà ńkọ́?"

"Ó ní ọjọ́ Ẹtì ni."

"Ṣé ìyá tìẹ gbààwẹ̀ ọjọ́ Ẹtì rí láàárín Àjíǹde sí Pẹ́ńtíkọ́sì?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ mi. Lóòótọ́, gbogbo ọdún là ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n láàárín àádọ́ta ọjọ́ tó tẹ̀ lé Àjíǹde, ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ ló ní kí a jẹun. Lẹ́yìn odindi oṣù méjì tí a ò fi ẹran, wàrà tàbí ẹyin kan ẹnu, ta ló máa gbàgbé ìyẹn? Kódà ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ń fọwọ́ ka ọjọ́ náà.

"Ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ́ ló máa kọ́kọ́ sọ," ni Atsede wí. "Ìwé ló kọ́ ọkùnrin yẹn láàwẹ̀. Kì í ṣe ìyá rẹ̀."

"Kí lo tún ń dúró ṣe? Lọ sọ fún ọ̀gá!"

"Kí wọ́n pa á nítorí ọbẹ̀ adìẹ? Tó bá jẹ́ pé ó kàn gọ̀ ni ńkọ́? Mọ́kànlá ti tó mi, Wude."

Kò tíì sọ iye yẹn lójú mi rí. N kò tutọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Zelleke bọ́ sẹ́yìn àgọ́, Atsede gbé omi tẹ̀ lé e. Èmi ń ṣa òkúta lára ẹ̀wà lódì kejì, mo sì na etí mi bí etí ìbaaka.

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ mú mi kúrò láàárín àwọn èèyàn yìí," ni Atsede ń sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo fọṣọ fún ọ̀gágun ìlú rí. Òyìnbó náà ò tutọ́ sí mi lójú bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí."

Mo gbọ́, ó sì dùn mí, nítorí pé nínú irọ́ tó ń pa, ibi tó kàn mí kì í ṣe irọ́.

Zelleke náà rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé o ṣì mọ ilé rẹ̀?"

"Bí mo ṣe mọ ọ̀nà ọ̀fun mi."

"Fi òrùka yìí hàn án. Sọ fún un pé odò ìsàlẹ̀ ni, láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú. Bí o bá ṣe é dáadáa, o ò ní pọn omi mọ́ láyé."

Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Atsede mú òrùka náà tọ Fitawrari lọ, mo tẹ̀ lé e. Bí Fitawrari ṣe rí i, ó fa idà yọ. Atsede dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

"Ẹ má pa á, ọ̀gá mi. Bó bá kú lónìí, wọ́n á fura, wọ́n á wá odò méjèèjì, tòkè àti tìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́ iṣẹ́ tó rán mi. Odò nìkan ni mo máa yí padà. Màá ní odò òkè ni."

"Bí wọn ò bá bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, wọ́n á pa ọ́."

"Ọ̀gá mi, ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí mo ti kú níbí. Kì í ṣe wọn ló máa kọ́kọ́ pa mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Atsede ti lọ. Ariwo gba gbogbo àgọ́ pé ó ti sá lọ bá àwọn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó. Èmi tí mo mọ òtítọ́, mò ń bá iṣẹ́ mi lọ nídìí àdògán. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́ fún yín: ìdajì ọkàn mi gbà pé ó ti sá lọ lóòótọ́. Oṣù mẹ́jọ tí a fi fojú rẹ̀ gbolẹ̀, kí ló fẹ́ mú un padà wá sọ́dọ̀ wa?

Láfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú, a kó èèyàn wá sí odò ìsàlẹ̀. Kùrukùru bo ilẹ̀. Àwọn ìyá ki ọmú bọ ọmọ lẹ́nu kí wọ́n má bàa ké. Mo gbé arúgbó kan pọ̀n, ó ń sọ fún mi létí pé òun wúwo ju báyìí lọ nígbà ọ̀dọ́ òun. Gbogbo ìgbésẹ̀ tí mo gbé nínú omi ni mò ń retí ìbọn. Ìbọn ò dún. Ẹni àkọ́kọ́ gòkè, ẹni ọgọ́rùn-ún gòkè, ẹni tó kẹ́yìn gòkè, oòrùn sì yọ sí wa lórí.

Zelleke dúró létí omi, ó ń yí ọrùn wo ọ̀tún, ó ń yí i wo òsì.

"Zelleke," ni Fitawrari pè é, "ta lò ń retí?"

"Èmi? Rárá o, ọ̀gá, mò ń wo..."

"Odò òkè ni wọ́n wà. Atsede ló mú wọn lọ."

Ó jókòó sínú ẹrẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́wọ́ níbẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n mú un lọ sí ilẹ̀ òyìnbó. Ibẹ̀ ló ti fi ìwé kọ́ àṣà wa, ojú ìwé lórí ojú ìwé, ẹni tó kọ ìwé náà kò sì rántí àádọ́ta ọjọ́ àjẹyó. Ọ̀gá fẹ́ bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tó rò ó lẹ́ẹ̀kejì, ó ní ká dè é. Òun la fi pààrọ̀ àwọn ọmọ wa mẹ́rin tó wà lẹ́wọ̀n.

Ọjọ́ kan kọjá, ọjọ́ méjì kọjá, Atsede ò dé. N kò lè jẹun. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo rí obìnrin kan tó ń gun òkè bọ̀ láìwọ bàtà, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ bó yánnayànna. Àwọn ará Ítálì ti so okùn mọ́ ọn ní ìbàdí kó lè ṣamọ̀nà wọn. Ó fi òkúta rẹ́ okùn náà díẹ̀díẹ̀ nínú kùrukùru, nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́ tí ọ̀gágun rí i pé odò ṣófo, ó ti bẹ́ sómi.

"Ṣé wọ́n ti kọjá?" Ohun tó kọ́kọ́ bi mí nìyẹn.

"Gbogbo wọn, Atsede. Gbogbo wọn pátá."

Ó jókòó sílẹ̀, ó sì sunkún bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ kejì, Fitawrari pe gbogbo èèyàn jọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun, àṣà wa ni kí jagunjagun bẹ́ jáde síwájú ọ̀gá, kó pe orúkọ bàbá rẹ̀, kó ka iye ọ̀tá tó pa. Bí àwọn obìnrin bá fi ahọ́n gbọn igbe ayọ̀ sókè, ó di akọni nìyẹn. Bí wọ́n bá dákẹ́, kó lọ jókòó, ìtìjú rẹ̀ ò lópin. Àwọn ọkùnrin fò, wọ́n yan, wọ́n parọ́ díẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ọ̀gá wa wá dìde.

"Atsede, ọmọ Birru! Jáde!"

Ó jáde, ó gba ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá, ó fi ìdí rẹ̀ gún ilẹ̀.

"Èmi Atsede, ọmọ Birru! 
Èmi tó fọ ẹ̀wù ọ̀tá títí mo fi mọ inú rẹ̀! 
Mo fà á lókùn bí ẹní fa màlúù, 
mo mú un lọ sí odò tí kò séèyàn! 
Ọ̀ọ́dúnrún ló kọjá, ọmọ ọwọ́ kan ò ké!"

Àwọn ọkùnrin hó yèè. Ó gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́.

"Ó ku iye tí mo pa. Mọ́kànlá ni. Wọn kì í ṣe ọ̀tá. Àṣìṣe mi ló pa wọ́n, n kò sì tà wọ́n."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ àti orúkọ bàbá, kò fo ẹnìkan. Mamo ló fi ṣe ìkẹyìn. Ó wá dúró, ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àwa obìnrin.

Kò sẹ́ni tó ké. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, gbogbo wọn ń wò mí. Èmi ni ẹ̀gbọ́n Mamo, èmi ni mo tutọ́ jù, bí mo bá dákẹ́, wọ́n á dákẹ́. N kò mọ̀ pé mo ṣì ní ohùn. Mo la ẹnu, igbe náà jáde, mo ké é títí ọ̀fun fi ń dùn mí, àwọn yòókù sì gbà á lẹ́nu mi.