Alága Fẹ́ Sọ̀ Kalẹ̀

Lọ́jọ́ tí Alága kọ́kọ́ rìn, ìyá àgbà dìde, ó lọ ti ilẹ̀kùn. Kò pàtẹ́wọ́, kò pe ẹnikẹ́ni wá wò ó. Ọmọ náà di ẹsẹ̀ tábìlì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ mú, ó jù ú sílẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé èkejì, ó ń mì bí ẹni tó ru omi tó kún dé ẹnu, ó sì já lu òkìtì aṣọ oníbàárà tí wọn ò tíì fọ̀. Ó gbójú sókè láàárín aṣọ náà, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń retí kí wọ́n yìn ín. Ìyá àgbà gbé e, ó gbọn ìdí rẹ̀ nù, ó sì pọ̀n ọ́n. Ó fún ọ̀já náà le ju bó ṣe máa ń fún un lọ.

"Máa wà níbẹ̀," ló wí. "Ilẹ̀ tutù."

Ilẹ̀ ò tutù rárá. Èédú ń jó nínú áyọ́ọ̀nù, yàrá náà gbóná bí inú ààrò.

Alágbàfọ̀ ni ìyá àgbà. Yàrá kan ló ní nínú ilé gbọọrọ kan tí ayálégbé kún fọ́fọ́, ibẹ̀ náà ló ti ń sùn, ibẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ. Ẹ̀yìnkùlé ló ti ń fọ̀, nídìí ẹ̀rọ omi tí gbogbo ilé ń pín. Ṣẹ́ẹ̀tì àwọn ènìyàn máa ń so rọ̀ yí wọn ká lórí okùn, bí àlejò tó kọ̀ tí kò jókòó. Abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ni ọmọ náà dàgbà sí. Ó ní orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kọ́kọ́ mọ ìjókòó, inú ọpọ́n ìfọṣọ ni wọ́n máa ń gbé e sí, tí yóò fọwọ́ lé etí ọpọ́n méjèèjì, tí yóò sì máa wo àwọn tó wá pọnmi lọ́kọ̀ọ̀kan bíi pé òun ló pè wọ́n sí ìpàdé. Aránṣọ tó ń gbé yàrá kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Alága. Ó mọ́ ọn lára.

Ìyá Alága nìkan ni ìyá àgbà bí. Ìgbà tó bí Alága ló kú. Ọwọ́ ló fi kan orí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kó sinmi, ó sì sinmi títí lọ. Dírẹ́bà ọkọ̀ akẹ́rù ni ọkọ rẹ̀. Inú ọkọ̀ ló ń sùn ju inú ilé lọ. Nígbà tí wọ́n jókòó lé ọ̀rọ̀ ọmọ náà lórí, ó bẹ ìyá ìyàwó rẹ̀ níwájú gbogbo ẹbí.

"Màmá, ẹ bá mi wò ó dàgbà díẹ̀. Tó bá ti lè fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn, tó lè fọwọ́ ara ẹ̀ jẹun, tó sì lè sọ pé òun fẹ́ tọ̀, màá wá mú un."

Gbogbo wọn ní ọ̀rọ̀ náà dára. Ìyá àgbà náà ní ó dára. Ọmọ náà kéré nígbà yẹn bí eku tí òjò pa, kò tíì lè fa ìgò wàrà tán. Ta ló ń ro ti ìrìn?

Nígbà tí eyín àkọ́kọ́ yọ, ìyá àgbà ròyìn ẹ̀ fún gbogbo ilé títí tí wọ́n fi ní àwọn ti gbọ́. Nígbà tí ọmọ náà rá, ó tún yọ̀. Ìgbà tó di ẹsẹ̀ tábìlì mú tó dìde dúró ni àyà ìyá àgbà já. Látìgbà yẹn, ohunkóhun tí ọmọ náà bá ti mọ̀ ọ́n ṣe, ńṣe ló máa ń dà bíi pé ẹnìkan ń kó ẹrù ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ kúrò nílé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dí i lọ́wọ́. Bí Alága bá na ọwọ́ sí ṣíbí, tó ní "Èmi," ìyá àgbà á gbé ṣíbí náà sókè. "Ìwọ wo? Ìwọ tí wàá dà á sára? Yanu." Bí ó bá sì fa aṣọ ìyá àgbà, tó ní "Tọ̀, tọ̀," ìyá àgbà á tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ kọ́là bíi pé etí òun di, títí tí ìtẹ́dìí á fi tutù. Ọmọ náà á wá máa wò ó. Ojú yẹn ni ìyá àgbà kì í fẹ́ wò padà.

Bó bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ dírẹ́bà lórígun òpópónà, á ju ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀, á fa ọ̀já lórí ìṣó, á gbé ọmọ sẹ́yìn. Kí dírẹ́bà tó rin ọ̀dẹ̀dẹ̀ já, ọmọ ti wà ní dídè.

"Ṣé ó ti ń rìn, Màmá?"

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì le."

"Ó ń jẹun fúnra ẹ̀?"

"Èmi náà ni mò ń fi sí i lẹ́nu."

Èyí kì í ṣe irọ́, ó sì máa ń sọ ọ́ sókè ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Aránṣọ ni ìyá àgbà ò lè fi í pamọ́ fún. Ojú rẹ̀ dà bí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan, okùn ìwọnṣọ wà lọ́rùn rẹ̀.

"Màmá, ẹsẹ̀ ọmọ yín ti fẹ́ máa wọ́lẹ̀ lẹ́yìn yín o. Tó bá ṣe díẹ̀ sí i, òun ni yóò máa pọ̀n yín."

"Wá ẹ̀rọ ẹ lọ."

"Mo ń lọ. Ṣùgbọ́n mo rí i lánàá, ẹ̀yin wà nídìí omi. Ó ń sáré lé adìyẹ. Adìyẹ náà ló kọ́kọ́ rẹ̀."

Ìyá àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wọ́n omi sí ṣòkòtò tó fẹ́ lọ̀. "Áyọ́ọ̀nù ń bẹ nílẹ̀, iná ń bẹ nínú ẹ̀. Ṣé kó lọ fọwọ́ bà á ni?"

"Áyọ́ọ̀nù nìkan kọ́ lẹ ń bẹ̀rù," ni aránṣọ wí. "Màmá, bàbá ẹ̀ ló ni ọmọ. Ẹ̀yìn yín ò lè gbà á títí."

"Mo ní kó o lọ."

Ìgbà tí dírẹ́bà tún dé, kò bèèrè bó ṣe máa ń bèèrè. Ó jókòó lórí àpótí, ó gba Alága lẹ́yìn ìyá àgbà, ó gbé e sórí itan, ó sì ń tẹ ọmọ náà lẹ́sẹ̀, lórúnkún, lọ́rùn ẹsẹ̀, bí ẹni tó ń yẹ táyà wò. Alága kò mira. Ó káwọ́ gbera, ó ń wo ìyá àgbà. Dírẹ́bà gbé e dìde, ó ń yọwọ́ lára rẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Ọmọ náà rọ orúnkún, ó jókòó sílẹ̀.

Ìyá àgbà rí i. Ó mọ̀ pé ńṣe ni ọmọ náà mọ̀ọ́mọ̀ jókòó.

"Màmá, ara mi ò balẹ̀," ni dírẹ́bà wí. "Ìyàwó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yìí, ọmọ àbúrò ẹ̀ tí wọ́n bí lẹ́yìn Alága ti ń gun àga. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń rò ó lójú ọ̀nà. Mo ti bá dókítà kan sọ ọ́ níbi tí mo ti ń já ẹrù. Ó ní kí n gbé e wá. Wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ya àwòrán egungun ẹ̀. Tó bá jẹ́ iṣan ni, wọ́n á de irin mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀."

"Irin báwo?"

"Irin tí wọ́n fi ń tọ́ ẹsẹ̀, Màmá. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo ń rò ó pé ohun tó mú ìyá ẹ̀ lọ, bóyá ó kù sí òun náà lára."

Ìyá àgbà wá ibi tí yóò gbé ojú sí. "Tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò tán, wàá dá a padà wá fún mi?"

"Ibi tí ọsibítù bá wà ni yóò máa gbé. Màá wá mú un lọ́jọ́ Sátidé."

Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà dúró síbi tó wà, kò mọ ohun tó fẹ́ fọwọ́ mú. Irọ́ tó fi di ọmọ náà mú ló ti gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ yìí. Bó bá fi ọmọ hàn pé ó ń rìn, baba á mú un. Bí kò bá fi í hàn, baba á mú un náà, wọ́n á sì máa gún ọmọ tí kò ṣàìsàn lábẹ́rẹ́, wọ́n á fi irin sí ẹsẹ̀ tó ń lé adìyẹ.

Ó mú ọ̀já, ó fi kọ́ ìṣó. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, ilẹ̀ ni ó jẹ́ kí Alága máa gbé. Ó fún un ní ṣíbí. Ìrẹsì wà ní irun, ó wà ní etí, èyí tó wọ ẹnu náà pọ̀. Bó bá ní "Tọ̀," ìyá àgbà á sáré gbé póò. Ọmọ náà á jókòó lé e, á fọwọ́ lé orúnkún bí alága lóòótọ́, tó bá sì parí, á dìde wò ó, á ní, "Èmi." Ìyá àgbà á ní, "Ìwọ ni. Ìwọ náà ni." Lẹ́yìn náà á yíjú sí ògiri.

Ó ti ṣètò ohun tí yóò sọ. Yóò ní, "Àárọ̀ yìí ló bẹ̀rẹ̀, ìwọ náà wò ó." Bóyá nínú ayọ̀ yẹn, dírẹ́bà á gbàgbé ọsibítù, á sì tún fi í sílẹ̀ fún un títí ẹsẹ̀ ọmọ á fi le dáadáa.

Nígbà tí Sátidé pé, ó wọ aṣọ tó ti lọ̀ fún ọmọ náà, ó gbé e sí àárín yàrá, òun náà jókòó sórí àpótí. Fèrè ọkọ̀ dún.

Alága gbórí sókè. Ó ju ohun tó fi ń ṣeré sílẹ̀, ó dìde, ó sáré lọ sídìí ìṣó, ó fa ọ̀já títí tó fi já bọ́ lé e lórí. Ó yọ orí kúrò lábẹ́ rẹ̀, ó ń wọ́ ọ bọ̀, ó ń yára, ó gba orí àpò èédú òfìfo tó wà nílẹ̀ kọjá, kò ṣubú. Dírẹ́bà ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Alága kò rí i. Ó lọ sẹ́yìn ìyá àgbà, ó lẹ àyà mọ́ ọn, ó na ọ̀já náà sí i láti ẹ̀gbẹ́.

"Pọ̀n mí," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Dádì ń bọ̀."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fojú kọ́ ọ.

Dírẹ́bà ò wọlé, kò sì padà.

"Láti ìgbà wo, Màmá?"

Ọ̀rọ̀ tí ìyá àgbà ti ṣètò wà ní ẹnu rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó ń sáré báyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ rìn.

"Ó pẹ́," ló wí.

"Ó lè jẹun?"

"Tí mo bá gbà fún un."

"Ìtọ̀ ńkọ́?"

"Ó ń sọ ọ́. Èmi ni kì í dá a lóhùn."

Dírẹ́bà jókòó lórí òkìtì aṣọ. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo.

"Mo sunkún nídìí ọkọ̀ débi pé mi ò rí ọ̀nà mọ́, Màmá. Mo dúró sẹ́bàá títì. Mo rò pé ọmọ mi yarọ."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ò mọ̀." Ó dìde. "Ẹ bá mi di ẹrù ẹ̀."

Ẹrù náà ò pọ̀. Ìyá àgbà kó o jọ, ó tẹ ọwọ́ mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn ìtẹ́dìí tó ti lọ̀ bí ẹni tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọlọ́fíìsì. "Ṣé mo lè máa wá wò ó?" ló bèèrè, kò gbójú sókè.

"Ẹ jẹ́ kí ọkàn mi rọ̀ ná."

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, aránṣọ jáde sí wọn. Ó la ẹnu bí ẹni tó fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ó wo ojú ìyá àgbà, ó sì pa ẹnu dé. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí ọmọ náà, ọ̀já wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wá, Alága. Kí n pọ̀n ọ́ dé ìdí ọkọ̀."

Alága wo ẹ̀yìn náà. Ó wo baba rẹ̀, tó ti rí i tó ń rìn, tí nǹkan kan kò sì ṣẹlẹ̀. Ó mi orí.

"Rárá. Èmi."

Ó ń rìn lọ níwájú wọn, ó ń fọwọ́ kan ògiri níbi tó bá wù ú. Ibi àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà ga fún un. Ó dúró, ó yíjú padà sínú ilé, ó dojú bolẹ̀, ó sì ń na ẹsẹ̀ kan wá ilẹ̀ lẹ́yìn ara rẹ̀. Dírẹ́bà sáré na ọwọ́ láti dì í mú.

"Fi í sílẹ̀," ni ìyá àgbà wí láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ó mọ̀ ọ́n ṣe."