Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Kí Ẹnìkejì?

Ilé ìwòsàn méjì ni ìjọ wa ní, ọ̀kan ní Pobè, ọ̀kan ní Sakété níbi tí èmi Huguette ti ń tọ́jú aláìsàn. Pacôme oníkọ̀ǹpútà ló to ẹ̀rọ méjèèjì, nọ́ńbà kan náà ló sì fún wọn. Kò sí wàhálà, àfi ọjọ́ tí ìjọ ní kí a so wọ́n pọ̀.

"Ẹ̀rọ méjì tó fẹ́ bára sọ̀rọ̀ kò lè jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Kí ọ̀kan pààrọ̀ nọ́ńbà," ni Pacôme wí.

Háà! Dókítà Nathanaël, ọ̀gá Pobè, ní àgbà kì í kó kúrò nílé fún àbúrò. Dókítà Gédéon, ọ̀gá tiwa, ní ta ni àbúrò? Pacôme bá fún ìlú kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìta tí ìlú kejì yóò máa fi pè é. Wọ́n gbàdúrà sí i, wọ́n sì fòfin de fóònù: ọ̀rọ̀ aláìsàn ò gbọdọ̀ gba ibòmíràn mọ́ àfi inú ẹ̀rọ.

Ni wọ́n bá fi alùpùpù gbé Rosine dé láti Takon, ibà ń bá a jà. Abẹ́rẹ́ kan ti fẹ́ẹ̀ pa á rí ní Pobè, kò sì rántí orúkọ rẹ̀. Mo fi ẹ̀rọ wá a ní Pobè. Ẹ̀rọ ní: ẹni yìí kò sí. Rosine tó ń gbọ̀n níwájú mi!

Mo ké sí Pacôme. Ó wò ó, ó káwọ́ lérí. "Tantie, DNS ni, èyí tó ń sọ orúkọ di nọ́ńbà. Nọ́ńbà àtijọ́ Pobè ló ṣì fi ń dáhùn, nọ́ńbà tiwa níbí sì nìyẹn. Ẹ ń pe Pobè, Sakété ló ń dá ara rẹ̀ lóhùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́ DNS wa ní nọ́ńbà ìta Pobè."

"Kí Pobè kọ́kọ́ kọ́ tiwa ná," ni Gédéon tó ń gbọ́ wa wí.

Inú bí mi. "Dókítà, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà méjì la ní, ẹ wo Rosine! Ẹ gbà, ẹ gún abẹ́rẹ́ ibà yìí fúnra yín."

Ó wo abẹ́rẹ́, ó wo Rosine, ó jáde. Pacôme ṣe é kíá. Àkọsílẹ̀ Rosine yọ: abẹ́rẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi gan-an ni èèwọ̀ rẹ̀. Mo jókòó, mo sunkún.

Ìròyìn dé Pobè. Nathanaël rẹ́rìn-ín nínú ìpàdé ìjọ: "Ṣé ẹ rí i? Sakété ló kọ́kọ́ wá kí wa. Àbúrò ní í kọ́kọ́ kí ẹ̀gbọ́n."

Gédéon ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Kíá ló ní kí Pacôme yọ nọ́ńbà Pobè kúrò nínú DNS wa.

Ara Rosine ti yá o. Èèwọ̀ tirẹ̀, mo ti há a sórí. Lánàá, wọ́n gbé obìnrin mìíràn dé, Pobè ni wọ́n ti ń tọ́jú òun náà. Mo tẹ orúkọ rẹ̀.

Ẹni yìí kò sí.