Jímọ̀ Tí Làtíìfù Fi Bojú

Ẹnu lásán ni Làtíìfù fi ń ṣọmọ. Mìsítúrà àbúrò rẹ̀ ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí ìyá wọn ti kú, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ni, kò sọ ọ́ jáde rí. Nígbà tí wọ́n jókòó sí pálọ̀ Mìsítúrà ní Peckham láti ṣètò àdúà ọdọọdún fún ìyá náà, Làtíìfù tún gbé àwáwí rẹ̀ dé.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ni Mummy lọ. Mo wà lórí ìrun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí, fóònù mi wà nínú mọ́tò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣé wọn ò ní fojú kàn mí ni?"

Mìsítúrà wo àgbọ̀n rẹ̀ tí ọ̀rá ẹran ń ṣàn lórí rẹ̀. Orúkọ ọkùnrin yìí ni ìyá wọn ń pè lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù títí ohùn fi tán. Mìsítúrà, tó fẹsẹ̀ rìn wá síbẹ̀ láti Aylesbury Estate nítòsí nínú òjò, tí bàtà ọ̀tún rẹ̀ lanu, pè é, pè é. Fóònù ń dún, kò gbé e. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ gbọ́ látìgbà náà ni ibi tó wà.

Nusaybah, ọmọ Làtíìfù, ń ṣe káàdì ìpè lórí fóònù. "Aunty, date wo ni?"

"Fourteenth March, 2002."

Ọmọ náà tẹ̀ ẹ́. "Daddy, Thursday ni o. It wasn't even Friday."

Làtíìfù bú sẹ́rìn-ín. "Kàlẹ́ńdà òyìnbó! Kí lo kọ́ nílé kéwú? Bí oòrùn bá ti wọ̀ ní Thursday, Jímọ̀ ti wọlé nìyẹn. Ilẹ̀ ti ṣú kí Mummy tó kú. Bi Aunty ẹ."

"Òótọ́ ni wọ́n sọ," Mìsítúrà dáhùn jẹ́jẹ́. Òun ló pe àwọn ará ilé n'Íwòó pé òru Jímọ̀ ni ìyá wọn lọ. Ẹnu wọn ni Làtíìfù ti gbọ́ Jímọ̀, ló bá sáré hun irọ́ lé e lórí, kò tilẹ̀ béèrè bóyá ọ̀sán ni tàbí alẹ́. Ọ̀lẹ ni, kódà nídìí irọ́.

"Ẹ ṣé, Bọ̀dá, ẹ ti là á yé ọmọ yín. Ìrun Jímọ̀ ọ̀sán wo lẹ wá ń kí lálẹ́ Thursday?"

Ẹran dúró lẹ́nu Làtíìfù.

"Wait, Daddy," Nusaybah ní, "so níbo lẹ wà?"

Làtíìfù gbé ẹran náà mì. "Ilé ni mo wà, ní Stockwell. Mo gbọ́ tí fóònù ń dún, àmọ́ mo rò pé Aunty ẹ fẹ́ ní kí n wá rọ́pò òun lọ́sibítù ni."

Mìsítúrà dìde, ó gbé àwo ẹran kúrò níwájú rẹ̀.

"Nusaybah, kọ òru Jímọ̀ sórí káàdì. Èmi ni kó o fi ṣe olùpè, kì í ṣe Daddy ẹ."