Láyí ń Ká Ọ̀nà Lẹ́yìn Mi

Ìyá Ṣadé, má tíì bínú, jẹ́ kí n rọ́ àlá mi fún ọ. Mo wọ bàtà tí Ṣadé rà fún mi, mo dúró níwájú ilé tí a gbé ní yunifásítì, mo ń wá ọ̀nà tó tẹ́jú tí arúgbó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré sísá lè gbà. Láyí ọ̀rẹ́ mi tó ti kú tipẹ́ yọ sí mi, kò dàgbà rárá, ó ká ọ̀nà kan bí ẹní sábẹ́ apá.

"Gba tèmi, bàbá arúgbó," ló wí. "Kò lókè, kò lájá."

Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, àwọn igi ẹ̀bá rẹ̀ sì dìde dúró. Mo ń sáré, ó rọ̀ mí lọ́rùn, síbẹ̀ ara ń fu mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, Láyí ti ń ká ọ̀nà náà bọ̀ lẹ́yìn mi.

"Láyí, kí lò ń ká a fún? Ibẹ̀ ni mo máa gbà padà sílé!"

"Ta ló sọ fún ọ pé à ń padà?" Ẹ̀rín rẹ̀ ṣì dùn bíi tìgbà yẹn.

Mo jókòó lé ìyókù ọ̀nà, mo di etí rẹ̀ mú. Ó fà á, èmi náà fà á, àfi bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ: "Bàbá Ṣadé, ẹ fi aṣọ ìbora sílẹ̀, òtútù ń mú mi!"